Ta Ni Yóò Sọ Ọmọ Lórúkọ? Ọ̀ṣẹ́túrá àti Ilé Ajégúnlẹ̀

Ọmọ tí wọ́n bí ní Ajégúnlẹ̀, ní Èkó, lè ní bàbá Ìlàjẹ àti ìyá Urhobo, tàbí bàbá Ìjẹ̀bú àti ìyá Ìgbò. Láti ìgbà tí ọkọ̀ òkun ńlá ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá ní nǹkan bí ọdún 1926 ni iṣẹ́ wáàfù ti ń fa èèyàn wá láti gbogbo ẹ̀yà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, wọ́n ń sùn ní Ajégúnlẹ̀, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn. Ọjọ́ ìkómọ ni ọ̀rọ̀ máa ń le. Wọ́n á ní ìdílé bàbá ló ni orúkọ, ìyá ìyàwó á sì jókòó bí àlejò níbi tí wọ́n ti ń sọ ọmọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ.

Ifá ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí nínú Odù Ọ̀ṣẹ́túrá. Àwọn irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún tí wọ́n jẹ́ ọkùnrin wá tún ilé ayé ṣe. Ọ̀ṣun, obìnrin kan ṣoṣo, ni ìkẹtàdínlógún wọn. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé bàjẹ́: òjò kò rọ̀, àgàn kò bímọ, ẹbọ kò fín. Wọ́n padà sọ́dọ̀ Olódùmarè, ó sì ní kí wọ́n lọ bẹ obìnrin tó wà láàárín wọn. Ọ̀ṣun ní òun lóyún. Bí òun bá fi bí ọkùnrin, kó máa bá wọn lọ, bí ó bá jẹ́ obìnrin, òun kò ní bá wọn ṣe. Ọkùnrin ló bí. Ọmọ yẹn ni Ọ̀ṣẹ́túrá, òun ni Ifá sì ń rán láti gbé ẹbọ dé òde ọ̀run.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá ìtumọ̀ ìtàn yìí dúró síbi pé kí a bọ̀wọ̀ fún obìnrin. Lójú tèmi, Ifá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ọmọ ni àlàáfíà gbà wọlé. Ọmọ ẹni tí wọ́n pa tì ló wá ń gbé ẹbọ àwọn tó pa ìyá rẹ̀ tì. Ta ló wá lè sọ pé ilé ìyá kò ní ẹnu nínú orúkọ ọmọ?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé méjì ni ọmọ ní. Bí babaláwo bá dá ẹsẹ̀ńtáyé fún ìkókó, èèwọ̀ tàbí òrìṣà tó bá jáde lè wá láti ìdílé ìyá, bàbá kò sì ní kọ̀ ọ́. Ní ìkómọ Yorùbá gan-an, ará àdúgbò pàápàá lè fi owó sínú àwo omi kó sì sọ orúkọ tirẹ̀. Èwo ni kí àna wá máa wòran? Bí ìyá bàbá bá ti kú kí wọ́n tó bí ọmọbìnrin, Yorùbá á pè é ní Yétúndé, Ìgbò á pè é ní Nnenna. Ìyá àgbà kan náà ni ilé méjèèjì ń kí káàbọ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ tó wọ ìwé ló ń bá ọmọ rìn. Odion Ighalo, agbábọ́ọ̀lù tó dàgbà ní Ajégúnlẹ̀, ń jẹ́ Odion, orúkọ tí àwọn Ẹ̀sán ń fún àgbà nínú ìbejì, ó sì gbé e dé Manchester United ní 2020. Orúkọ tí wọ́n kàn sọ lójú agbo, tí wọn kò kọ, yóò ti di ìgbàgbé kí ọmọ tó wọ ilé-ìwé.

Ẹ̀yin bàbá ọmọ, kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, ẹ lọ gba orúkọ lẹ́nu ìyá ìyàwó yín, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìbí ọmọ náà pẹ̀lú ti ilé yín.