Ìlérí Olùdíje Kì Í Ṣe Àdúrà

Kí ìbò káńsù Èkó ti ọjọ́ 12 Oṣù Keje 2025 tó wáyé, ṣàṣà ni asáláátù tí àwọn olóṣèlú kò yà sí lágbègbè Ẹ̀gbẹ́dá. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń du ipò alága dé ọ̀dọ̀ tiwa láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, òun àti jalàbíà funfun, àwọn ọ̀dọ́ sì ru àpò ìrẹsì tẹ̀ lé e. (Aṣọ mìíràn wà nínú mọ́tò, ṣọ́ọ̀ṣì ló kàn.) "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó o." Ó ní òun mọ̀ pé nǹkan ti wọ́n jù. Tí òun bá wọlé, oúnjẹ á wọ́lẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ wa, àwọn oníṣòwò kéékèèké á máa rí owó yá, ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́ á dé gbogbo àdúgbò. Tó bá ti sọ gbólóhùn kan, á fi in shā Allāhu dé e. Tó bá ti ní in shā Allāhu, àwọn ìyá á ké "Àmín!" kárí.

Àmín yẹn ló ń jà mí nínú. Àdúrà là ń ṣe àmín sí. Ẹni tó ń gbàdúrà ń tọrọ lọ́wọ́ Ẹni tó ní i, kò jẹ wá ní kọ́bọ̀. Ẹni tó ṣèlérí ti di onígbèsè wa. Tó bá wá sọ pé ọjà á wọ́lẹ̀, tí àwa náà sì ṣe àmín sí i, a ti bọ́ gbèsè yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀, a sì ti gbé e lọ síwájú Ọlọ́hun. Tí sáà rẹ̀ bá parí tí gàrí kò sọ̀ kalẹ̀, ta la fẹ́ mú? Òun náà á kàn wò wá lójú pé àsìkò Ọlọ́hun ni kò tíì tó.

Mo kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ìsìláàmù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo mọ ibi tí in shā Allāhu ti wá. Súrà Al-Kahf ló kọ́ wa pé kí ènìyàn má ṣe sọ pé òun á ṣe nǹkan kan lọ́la láìfi ti Ọlọ́hun kún un. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀: ó ti múra tán, ó kàn mọ̀ pé ẹ̀mí òun kì í ṣe tòun. Lẹ́nu olóṣèlú, ohun tí wọ́n fi ń sá fún ìbéèrè ni.

Gàrí àti ẹ̀wà ni mò ń tà báyìí, nínú ọjà kan tí kò jìnnà sílé. Oníbàárà á dé, á wo kọ́ńgò, á ní, "Àlájà, ẹ̀yin lẹ fowó lé e." Bí gbogbo wa ṣe ń dáhùn lèmi náà ń dáhùn: kì í ṣe àwa, Ọlọ́hun ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rí sì wà fún wa. Hádíìsì kan tí Anas gbà wá, tí Abū Dāwūd àti Tirmidhī kó jọ, sọ pé ọjà gbówó lórí ní Mẹ̀dínà, àwọn ènìyàn sì bẹ Ànábì pé kó dá iye kan pàtó lé e. Ó kọ̀. Ó ní Ọlọ́hun ló ń dá iye, pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sùn àbòsí kan òun lórí dúkìá rẹ̀ lọ́jọ́ tí òun bá pàdé Olúwa òun.

Àwa oníṣòwò fẹ́ràn hádíìsì yìí gan-an. Àwọn yòókù ni a kì í fẹ́ gbọ́. Ànábì kan náà ló kọ̀ fún wa láti lọ dènà àwọn tó ń kó ẹrù bọ̀ lójú ọ̀nà kí a rà á lọ́wọ́ wọn ní ọ̀pọ̀ kí wọ́n tó dé ọjà kí wọ́n mọ iye tó ń lọ. Òun náà ló ní ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ẹni tó kó oúnjẹ pamọ́ de ọ̀wọ́n. Nígbà tó pẹ́, Ibn Taymiyya ní Damásíkù ṣàlàyé pé tí ọ̀wọ́n bá ti ọwọ́ àbòsí ènìyàn wá, aláṣẹ lè dá sí i. Bí èmi ṣe gbọ́ ọ yé nìyí: iye wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun níbi tí òjò ti kọ̀ tàbí tí kòkòrò jẹ ẹ̀gẹ́. Níbi tí ènìyàn ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí a wá ọwọ́ náà. Tọwọ́ àwa ọlọ́jà wà níbẹ̀: àwọn kan a máa lu ìdí kọ́ńgò wọnú, bẹ́ẹ̀ Súrà Al-Muṭaffifīn wà tó ń bú wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ọjà Èkó, ẹni tó bá kó ẹrù wá láti ìta tó fẹ́ tà á ní ẹ̀dín, ẹgbẹ́ ò ní jẹ́ kó ríbi tẹ́ ẹ sí.

Ọwọ́ tó tóbi jù kò sí ní Alímọ̀ṣọ́ rárá. Ní ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún 2023, níbi ìbúra ní Àbújá, ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti di àfìsẹ́yìn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo tí kò tó 200 náírà ti kọjá 480 ní Èkó. Òjò kò kọ̀ láti rọ̀. Ènìyàn ló sọ̀rọ̀, owó ọkọ̀ àpò gàrí sì gbéra. Alága káńsù wo ló lè dá ìyẹn padà? Nítorí náà, nígbà tí olùdíje wa ní oúnjẹ á wọ́lẹ̀, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ló fi ń tọrẹ.

Èkó ti dán fífi àṣẹ dá iye wò rí. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òyìnbó fi Kápútẹ́nì Pullen sídìí oúnjẹ, wọ́n dá iye lé gàrí, wọ́n ní ibi tí wọ́n yàn nìkan ni kí a ti máa tà á. Gàrí bá pòórá lójú ọjà, ó gba abẹ́lẹ̀ lọ. Alimotu Pẹlẹwura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, mùsùlùmí bíi tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò mọ̀wé òyìnbó, kò gbà fún wọn. Wọ́n fi owó lọ̀ ọ́ kó lè bá wọn ṣe é, ó kọ̀ ọ́. Ní 1945 wọ́n tú ètò náà ká. Mo máa ń rò ó pé tí Pullen bá wá sí asáláátù, tó ní in shā Allāhu gàrí á wọ́lẹ̀, bóyá Pẹlẹwura ì bá ṣe àmín. Ó dá mi lójú pé kò ní ṣe é.

Kí ló wá wà lọ́wọ́ alága? Ó wà lákọsílẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi pamọ́. Àfikún Kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ka iṣẹ́ káńsù lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, ilé ìyàgbẹ́ gbogboogbò, itẹ́ òkú, gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí, àbójútó ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ, àní ìwé àṣẹ fún ọmọlanke àti bárò. Òfin 1998 lórí owó orí tún to irú owó tí káńsù lè gbà jọ, títí kan owó ìwé àṣẹ ilé ìjọsìn, ó sì ka dídínà mọ́ ènìyàn lójú títì láti gbowó orí léèwọ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kéré lójú olùdíje. Kò sí ẹni tó máa kọ ọ́ sára pátákó pé òun á tún ilé ìyàgbẹ́ ọjà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé àpò gàrí kan láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọkọ̀ títí dé orí tábìlì mi. Owó ibi tí ọkọ̀ dúró sí wà nínú rẹ̀, owó ọmọlanke wà nínú rẹ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà tí wọ́n ń já fún wa láràárọ̀ wà nínú rẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ tí mo sanwó lò nítorí pé ti gbogboogbò ti bàjẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Tí òjò bá rọ̀ tí ọ̀nà Ìjẹ̀gùn kún, owó ọ̀nà jíjìn tí ọkọ̀ yí gbà á kún un. Oníbàárà mi ló ń san gbogbo rẹ̀, kọ́ńgò kan lẹ́yìn èkejì. Ibí yìí ni alága ti lè mú kí oúnjẹ wọ́lẹ̀ díẹ̀, kò sì nílò iṣẹ́ ìyanu.

Mi ò sọ pé owó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìkànìyàn 2006 ka 1,277,714 ènìyàn sí Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn ka ohun tó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Láti 2003 tí wọ́n ti dá àwọn káńsù ìdàgbàsókè sílẹ̀, mẹ́fà ló ń jókòó lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo nínú ìwé òfin. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá ń du ipò lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, ó yẹ kó lè sọ iye tó ń wọlé àti ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ní ti ìdàgbàsókè tí olùdíje náà ṣèlérí, Ìkòtún ní Alímọ̀ṣọ́ níbí ti rí i rí, ó sì ti ọwọ́ ìgbàgbọ́ wá. Nígbà ayé Wòlíì T.B. Joshua, àlejò ń ti South Africa àti ibi gbogbo ya wọ ìjọ rẹ̀, Synagogue. Ilé ìtura ń hù, olóúnjẹ ń tà, onímọ́tò ń jèrè. Ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹsàn-án 2014, ilé ìgbàlejò ìjọ náà wó, ènìyàn 116 kú, ọmọ South Africa ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọ náà tọ́ka sí bàálù kan tó fò kọjá lókè. Ìwádìí kọ́rónà tó parí ní 2015 ní ilé náà kò gba àṣẹ ìkọ́lé, bẹ́ẹ̀ ni agbára òpó rẹ̀ kò tó. N kì í ṣe ọmọ ìjọ yẹn, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí wòlíì rẹ̀. Ohun tí mò ń wí ni pé ìbéèrè kan ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn àti nínú ọ̀rọ̀ gàrí: kí la máa gbé fún ohun tí a kò rí, kí sì ni iṣẹ́ ẹni tó yẹ kó wọn òpó kí ilé tó ga? Nígbà tí wòlíì náà jáde láyé ní Oṣù Kẹfà 2021, ọjà tutù fún ọ̀pọ̀ tó ń fi àlejò jẹun.

Tí olùdíje bá tún fẹ́ sọ̀rọ̀ ohun tó máa tọ́jọ́, kó lọ dúró létí ààtàn Solous ní Ìgandò, lójú ọ̀nà LASU. Ọdún gbọọrọ ni ìdọ̀tí ti ń gun ara wọn níbẹ̀, láàárín ilé àwọn ènìyàn tó ń mu omi kànga. Ìdọ̀tí ọjà wà lára rẹ̀. Nínú ẹ̀sìn wa, amáànà ni ilẹ̀, a máa dá a padà. Gọ́tà tí a kò kó lónìí, ọmọ tí a kò tíì bí ló máa san án, a kò sì ní sí níbẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́.

Àbúrò ọkọ mi jẹ́ pásítọ̀ ní Ìgandò. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé yìí, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, kí lẹ fẹ́ kí àwọn ìyá wí? Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló kó gbogbo ipò alága 57 ní Èkó, àti kánsẹ́lọ̀ 375 nínú 376. Ẹni tí ìbò rẹ̀ kò lè yọ ènìyàn nípò, àmín ló kù fún un."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Àmín àwọn aláìní kì í ṣe òmùgọ̀ nígbà gbogbo, nígbà mìíràn ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "A gbọ́ ọ, Ọlọ́hun náà sì gbọ́ ọ." Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé ìbò kì í ṣe ojoojúmọ́, tíkẹ́ẹ̀tì ni ojoojúmọ́. Ọmọkùnrin tó ń já a máa ń kí mi dáadáa, "Ẹ káàárọ̀ mà, Àlájà," ọmọ ẹni kan ni, kì í ṣe òun ló gbé òfin kalẹ̀. Òun ni mò ń bi pé owó wo nìyí nínú èyí tí òfin kọ sílẹ̀, àti pé níbo ni nọ́ńbà wà lára ìwé náà. Àwọn obìnrin ìlà tiwa ti ń bi í báyìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá ó ní òun máa bi ọ̀gá òun.