ÌGBÁTÍ ÒRÙLÉ ÀTI AKOTO ORÍ

Ẹ̀kọ́ kíkà: Deuteronomi 22:8, Matteu 4:5–7

  

Òfin kékeré kan wà nínú ìwé Deuteronomi tí a kì í sábà wàásù lé lórí. Ọlọ́run pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá ti ibẹ̀ jábọ́ tó kú, ọrùn onílé ni ẹ̀jẹ̀ náà yóò wà. Ẹ wò ó dáadáa. Ọlọ́run tó la Òkun Pupa sí méjì, tó fi mánà bọ́ wọn fún ogójì ọdún, kò sọ pé òun yóò fi áńgẹ́lì kọ̀ọ̀kan ṣọ́ etí òrùlé. Ó ní kí baálé ilé lọ po amọ̀.

Ohun tó mú wa dé orí ọ̀rọ̀ yìí rèé. Àwọn ọmọ ìjọ wa tó ń lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, pẹ̀lú àwọn méjì tó ti dé yunifásítì, wá bá àwa alàgbà nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Wọ́n ní níbi tí àwọn ti ń kàwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń kó ara wọn jọ láti kìlọ̀ fún ẹgbẹ́ wọn nípa eré àsápajúdé, nípa gígun alùpùpù lẹ́ni mẹ́ta mẹ́ta, àti nípa akoto, èyí tí wọ́n ń pè ní kásíìkì. Wọ́n bẹ̀ wá kí a fún àwọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi. A kọ̀ fún wọn. A ní ọ̀rọ̀ títì kì í ṣe ọ̀rọ̀ pẹpẹ. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ bi wọ́n léèrè pé ẹni tó ti fi omi ìyàsímímọ́ wẹ̀, kí ló tún fẹ́ fi kásíìkì ṣe? A rẹ́rìn-ín, a sì túká. A jẹ́wọ́ rẹ̀ síhìn-ín, nítorí a ṣẹ̀.

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ìyá kan nínú ìjọ ń ti ìsìn òru bọ̀ lórí zẹ́mìjàn, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, láìdé nǹkan kan sórí ju fìlà àdúrà lọ. Etí sùtánà rẹ̀ fẹ́ lọ sẹ́yìn, ó ká mọ́ táyà, ó sì fà á lulẹ̀. Orí ló fi gbá títì. Àwa tó sáré dé ibẹ̀ ń pariwo Jésù, oníkálukú ti di ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀ mú láti gbé e sókè. Ọmọ kan ló ké mọ́ wa pé kí a dáwọ́ dúró. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí àti ọrùn ìyá náà mú gbọnin kó má yí, ó rán ẹnìkan síwájú, ó rán ẹnìkan sẹ́yìn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ má bàa tún gbá gbogbo wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a lé padà ni. Ìyá náà yè, ògo fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n bí a bá ń pàtẹ́wọ́ nínú ìjọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í gbé mọ́. A máa ń rí i lójoojúmọ́ ìsinmi.

Èyí tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni níbẹ̀, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ní 1977 ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, ó sì wà nídìí iṣẹ́ náà gan-an. Ní 1983 ìjọba àpapọ̀ tú u ká. Ní oṣù kejì 1988 wọ́n tún dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí FRSC, Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ rẹ̀. FRSC ní ẹgbẹ́ láàrin àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn agùnbánirọ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà kì í pe ara rẹ̀ ní Kristẹni, bẹ́ẹ̀ ó mọ ìgbátí. Àwa tí a ní Ìwé Mímọ́ lọ́wọ́ ńkọ́?

Ẹnìkan yóò ní, ọjọ́ ẹni ló pé. Ará wa, bí ó bá jẹ́ pé bí a ti kọ ọ́ ni yóò rí láìsí tàbí ṣùgbọ́n, kí ló dé tí o fi ń wo ọ̀tún wo òsì kí o tó sọdá? Ẹlòmíràn yóò ní ayé ló ṣe é, pé wọ́n ju nǹkan sí ojú ọ̀nà. A kò ní ọ̀tá kò sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sàtánì gbé Jésù lọ sí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì tó ní kó bẹ́ sílẹ̀ nítorí áńgẹ́lì yóò gbé e, Olúwa wa kò bẹ́. Ó mọ̀ pé áńgẹ́lì wà, síbẹ̀ kò bẹ́. Ẹni tó ń fi ọgọ́rùn-ún kìlómítà sáré lórí alùpùpù láìdé akoto, tó sì ń kọrin Máíkẹ́lì Mímọ́, ó ti bẹ́ tirẹ̀.

Kí a má sì ṣe rò pé oyè ẹ̀mí ń dá ọkọ̀ dúró. Wòlíì Samuel Bilewu Joseph Oshoffa, tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, ìjàǹbá ọkọ̀ ló fara pa nínú rẹ̀ ní 1985, kó tó sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gba ọ̀nà kan náà tí gbogbo ènìyàn ń gbà, ta ni àwa?

Títì ńlá tó ti Cotonou bọ̀ pín sí méjì ní Dassa-Zoumè. Ọ̀kan gba Savè lọ sí Parakou, èkejì gba Savalou lọ sí Djougou. Tírélà, bọ́ọ̀sì òru, alùpùpù àti ewúrẹ́, gbogbo wọn ló pàdé níbẹ̀. Ní àárín oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn ará wa Kátólíìkì bá ń wá sí ihò àpáta Arigbo, ó tún ń pọ̀ sí i. Ẹ kò ní gbàgbé ọjọ́ ìsinmi ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní 2023, nígbà tí bọ́ọ̀sì kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kọlu ara wọn lẹ́bàá Dassa-Zoumè tí iná sì sọ. Ó lé ní ogún ènìyàn tó kú. Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, ní ìjàǹbá ojú ọ̀nà ń pa tó 1.19 mílíọ̀nù ènìyàn lọ́dọọdún, òun ló sì ń pa àwọn ọmọ ọdún 5 sí 29 jù lọ. Ẹ̀yin òbí, ọjọ́ orí kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn.

Zẹ́mìjàn yìí pàápàá, orúkọ rẹ̀ lédè Fọ̀n ni kí a gbé ni lọ kíákíá. Ó jẹ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gùn ún ní ẹnu, ó lè ní kó rọra.

Nítorí náà a ti pinnu. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọn lẹ́yìn ìsìn, àwa alàgbà yóò sì jókòó níwájú láti gbọ́. Ẹni tó bá gun alùpùpù wá ìsìn, kó ká sùtánà rẹ̀ sókè kó so ó mọ́ ìdí, kó wọ bàtà títí dé ẹnu ọgbà kó tó bọ́ ọ, kó sì dé akoto. Paulu náà mẹ́nu kan àṣíborí nínú ìhámọ́ra. Ìsìn òru yóò máa parí kí ẹni tó ń wakọ̀ lọ jìnnà lè sùn kó tó lọ. Ọ̀rọ̀ lórí èyí gùn láàrin wa, àwọn kan kò tíì gbà.

Ọjọ́ ìsinmi kẹta nínú oṣù kọkànlá ni àjọ àgbáyé yà sọ́tọ̀ láti 2005 fún ìrántí àwọn tí ọ̀nà pa. A ó ṣe é ní Soclogbo lọ́dún yìí. Kí olúkúlùkù mú abẹ́là kan wá àti orúkọ ẹni tirẹ̀ nínú ìwé pélébé. Àwọn ọmọ ni yóò ka orúkọ náà, ìyá wa tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbé ni yóò sì tan abẹ́là àkọ́kọ́, pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni.