Rúùtù Fà Mọ́ Ọn

Ẹ̀yin ìyá wa nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà nínú Bíbélì King James ti 1611: "cleave". Nígbà mìíràn, fífà mọ́ ènìyàn ni. Nígbà mìíràn, líla nǹkan sí méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń la ẹja l'Ọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ èkejì dáadáa! Yorùbá kò da méjèèjì pọ̀. Rúùtù fà mọ́ Náómì. Órípà sunkún, ó fẹnu ko ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, ó sì padà sílé. Opó ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan láìpẹ́ yìí, opó kan dá jókòó lẹ́yìn. Mo kí i, mo bá a sunkún díẹ̀, mo sì bá tèmi lọ. Órípà ni mo jẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ń lọ sílé rẹ̀ báyìí. Ta ni yóò bá mi lọ?