Àlọ́ Aláwòrán àti Òṣùwọ̀n Ọgbọ́n

Ọgbọ́n kò ṣeé fi igbá wọ̀n bí ọkà, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé gbé ka orí ìwọ̀n bí ẹran. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wá òṣùwọ̀n tí a lè fi mọ ọlọ́gbọ́n yàtọ̀ sí òpè.

Ní ọdún 1938, J. C. Raven, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọ̀kan jáde. Àlọ́ ni, ṣùgbọ́n àlọ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. A to àwòrán mẹ́jọ sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, a sì fi àyè ẹ̀kẹsàn-án sílẹ̀ lófo. Bóyá ìlà ń pọ̀ sí i láti òsì dé ọ̀tún; bóyá dúdú ń rọ́pò funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí a ń dán wò yóò wá àṣírí ètò náà, yóò sì yan àwòrán tí ó yẹ àyè òfo náà. Nítorí pé kò gba ìwé kíkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọgbọ́n àbínibí nìkan ni ó ń fi hàn.

Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá rí ètò nínú ohun tí ó rí rúdurùdu ní làákàyè. Ṣùgbọ́n ohun méjì kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Èkínní, James Flynn fi hàn ní 1987 pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ilẹ̀ Họ́láǹdì tí a pè sí iṣẹ́ ológun ní 1982 fi nǹkan bí máàkì 20 ju àwọn ti 1952 lọ nínú irú ìdánwò yìí. Ṣé òmùgọ̀ ni àwọn baba wọn ni? Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ kì í yí padà láàrin 30 ọdún. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ìgbé-ayé ni ó yí padà.

Èkejì, ní 1979, Robert Serpell kọ ìròyìn nípa àwọn ọmọ Zambia àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ní kí wọ́n ṣe àfarawé àwọn àpẹẹrẹ kan. Nígbà tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà á sórí ìwé, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó borí. Nígbà tí wọ́n fi wáyà tẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ Zambia ni ó borí, nítorí wáyà ni wọ́n fi ń ṣe ohun ìṣeré nílé. Nígbà tí wọ́n fi amọ̀ mọ ọ́n, ọgbọọgba ni wọ́n jẹ́.

Àìrìn-jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìdánwò a máa sọ ibi tí ọmọ dé. Kì í sọ ibi tí ó lè dé. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó pe ọmọ ní olódo, ó yẹ kí ó wádìí ohun tí ojú ọmọ náà ti rí àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe. Orúkọ a máa ro ọmọ.