Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Là Ń Gbé

Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta, nígbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò kò sì tíì dé, ẹni tó bá rìn yí ìlú Ṣakí ká ní ọ̀sán gangan kò ní bá ènìyàn púpọ̀ nínú yàrá. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn àgbà wà, abẹ́ máńgòrò ni àwọn ọmọdé wà, àwọn obìnrin tó ń pa ẹ̀gúsí sì ti gbé àpótí ìjókòó wọn tẹ̀lé ibòji ilé láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Yàrá tí wọ́n fi owó gọbọi kọ́ ṣófo. Ọ̀rọ̀ yìí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ibi tí a ń gbé gan-an ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ojúde, síbẹ̀ bí a bá ń múra ilé kíkọ́ lóde òní, iye yàrá nìkan là ń kà.

Àwọn tó kọ́ agbo ilé àtijọ́ ní Òkè-Ògùn, agbègbè tí Ṣakí wà, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Yàrá wọn kéré, ó sì ṣókùnkùn, nítorí àtisùn àti àtikó ẹrù pamọ́ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ìnáwó àti làálàá wọn wà lára ohun tó yí yàrá ká. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ògiri. Wọ́n á gbẹ́ ẹ nítòsí ibi tí ilé yóò dúró, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó rọ̀, wọ́n á sì tún un pò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa mọ ọ́n ní ipele-ipele. Èyí tí wọ́n mọ lónìí gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Ẹni tó bá kánjú, ògiri rẹ̀ á wó.

Ògiri tó nípọn báyìí máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Oòrùn á máa pa á láti òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ooru náà kì í là á já sínú yàrá títí ilẹ̀ yóò fi máa ṣú, nígbà tí atẹ́gùn tútù bá ti ń fẹ́ bọ̀ láti inú ọ̀dàn. Etí òrùlé a máa sọ̀ kalẹ̀ gan-an, débi pé ẹni tó ga ní láti tẹrí ba kó tó wọ abẹ́ rẹ̀. Àjòjì lè rò pé àìmọ̀ọ́kọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ etí òrùlé tó sọ̀ kalẹ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí òjò oníjì na ara amọ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kan ògiri. Nínú àgbàlá, omi òjò a máa ṣàn láti orí òrùlé sínú ìkòkò àti odù. Ní ilẹ̀ tí odò ti ń gbẹ fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Nígbà tí Hugh Clapperton, ará Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1826, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ìlú náà fẹ́ràn láti máa gbẹ́ ọnà sára ilẹ̀kùn àti sára òpó tó gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn dúró. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú igbó ọba tí ìjọba ń tọ́jú lónìí, ní apá Òkè-Ògùn níbí. Mo máa ń ronú lórí àkíyèsí ọkùnrin náà. Ibi tí ojú gbogbo ayé ti lè rí i, tí àlejò ti ń jókòó, tí àwọn àgbà ti ń parí ìjà, ni ọnà wọn lọ. Àní òrùlé ààfin pàápàá, ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni: Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó jáde ní 1921, bí wọ́n ṣe ń kó koríko bẹẹrẹ wá fún Aláàfin lọ́dọọdún láti fi bo ilé, tí ó sì di ọdún tí wọ́n ń ṣe.

Àwọn baba wa tún mọ bí a ṣe ń wo ojú ilẹ̀ kí a tó tẹ̀dó. Adó-Àwáyè fi orí òkè ṣe odi. Òkèhò àtijọ́ wà láàárín àwọn òkè nítorí ogun, títí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi kó wọn kúrò níbẹ̀ ní 1917, lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Ìsẹ́yìn àti Òkèhò ti ọdún 1916, tí wọ́n sì lọ tún ìlú dá sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Ṣùgbọ́n Ìsẹ́yìn ni ọkàn mi máa ń lọ jù lọ, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ahunṣọ jókòó lábẹ́ òrùlé gígùn kan, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ìlà kan náà, ẹsẹ̀ wọn ń tẹ òfì, ọkọ̀ tó gbé òwú ń lọ ń bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Òwú títa jáde kúrò lábẹ́ òrùlé, ó gba ojúde kọjá lọ jìnnà réré, títí dé ibi tí wọ́n gbé òkúta lé e kó lè le dáadáa. Bí aṣọ bá ṣe ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà á máa wọ́ bọ̀ lórí ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi sún mọ́ ahunṣọ. Ènìyàn nílò ibòji, òwú nílò gbangba, òkúta nílò ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá mọ́ tí kò ní gegele. Kò sí yàrá kan tó lè gba iṣẹ́ yìí. Bí aládùúgbò bá mọ fẹ́ǹsì la ojúde já, ó ti gé iṣẹ́ oúnjẹ ẹlòmíràn kúrú.

Ìjókòó lórí ìlà kan náà yẹn sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ń fi ojú jí i lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oníbàárà tó wá gba aṣọ ìgbéyàwó ń gbọ́ ìròyìn ìlú. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, gbogbo wọn á mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí àyè rẹ̀ á ṣófo. Ẹni tó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, tó wá kọ́ gbọ̀ngàn onífèrèsé gíláàsì fún wọn, tó tilẹ̀ fi fáànù sí i, ohun tó ṣe ni pé ó ta òwú wọn mọ́ ògiri. Ọkàn rẹ̀ lè mọ́ o. Kò kàn jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ kan kó tó mú gègé.

N kò sọ pé kí a padà sábẹ́ koríko. Ẹni tó bá ti rí iná ọyẹ́ rí, tó rí bí ẹ̀tapará iná láti inú igbó tó ń jó ṣe lè fò bọ́ sórí ilé kan kó sì gba ibẹ̀ ran gbogbo agbo ilé, kò ní bá ènìyàn jiyàn lórí páànù. Páànù gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ iná, ó sì gbà wọ́n lọ́wọ́ wàhálà àtúnbò òrùlé. Mo sì mọ ohun tí ilé búlọ́ọ̀kù jẹ́ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó tó kọ́ ọ fún un. Iyì ni. Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tí a gba páànù àti búlọ́ọ̀kù, a gé etí òrùlé kúrú, a sì gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò níta, a wá sọ ọ́ di ọ̀nà tóóró láàárín ilé, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, níbi tí àwọn ayálégbé ti ń dáná nínú òkùnkùn.

Ti ilé-ìwé tún burú ju èyí lọ. Àwòrán kan náà ni wọ́n fi ń kọ́ kíláàsì káàkiri ìpínlẹ̀, bí ẹni pé ooru Kíṣí àti ti Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan. Kí oòrùn tó ràn fún wákàtí mélòó kan, páànù ti ń da ooru lé àwọn ọmọ lórí. Bí òjò bá dé, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ mọ́. Ìjì òjò àkọ́rọ̀ a sì máa ṣí òrùlé bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí igi mọ́ lágbègbè náà tó máa kọ́kọ́ gba agbára rẹ̀.

Àní ilé tí wọ́n fara balẹ̀ yà pàápàá kò ṣeé gbé láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Maxwell Fry àti Jane Drew, tí wọ́n ya ọ̀pọ̀ nínú ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, fi ògiri oníhò jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé, ó sì bá ilẹ̀ tó tutù tó sì lọ́rinrin bíi ti Ìbàdàn mu. Ẹ gbé ògiri oníhò kan náà lọ sí Ìgbòho ní oṣù kìíní, eruku ọyẹ́ á bo ìwé àti ibùsùn.

Ibi tó bá tiwa mu ju ìyẹn lọ ni Gando, abúlé kan ní Burkina Faso tí ọ̀dàn rẹ̀ gbẹ ju tiwa lọ. Ọmọ abúlé náà ni Francis Kéré. Jámánì ló ti kọ́ iṣẹ́ yíya ilé, ó sì padà wá kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún wọn, tó parí ní 2001. Amọ̀ ibẹ̀ ni ó pò mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ tó fi ṣe bíríkì. Ó fi bíríkì ṣe àjà tó ní àlàfo, ó wá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbé páànù sókè kúrò lórí àjà náà, etí rẹ̀ sì yọ síta dáadáa. Ooru inú kíláàsì á gba àlàfo àjà jáde, atẹ́gùn tó ń kọjá lábẹ́ páànù á gbé e lọ. Àwọn ọmọdé ló ru òkúta ìpìlẹ̀ wá, àwọn obìnrin ló pọn omi. Wọ́n fún iṣẹ́ náà ní ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ yíya ilé ní 2004, nígbà tó sì di 2022, Kéré di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker, tí àwọn ayàwòrán ilé kà sí olórí ẹ̀bùn wọn. Páànù tó lò kò yàtọ̀ sí tiwa. Ibi tó gbé e sí ló yàtọ̀.

A kò tilẹ̀ ní láti lọ jìnnà. Ìbàdàn ni ilé ìjọsìn àwọn Dominican wà, iṣẹ́ Demas Nwoko, ọmọ Idumuje-Ugboko. Ayàwòrán àti oníṣẹ́ ọnà ni, kì í ṣe ilé-ìwé àwọn tó ń ya ilé ló ti jáde, síbẹ̀ ó kọ́ bí a ṣe ń po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ǹtì kó lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2023, ìpàtẹ iṣẹ́ yíya ilé ti Venice fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Ilẹ̀ pupa yẹn kún Òkè-Ògùn. Ní báyìí tí títì Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ti dára, ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ń sáré kọjá lórí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ohun méjì ló ń kọ mí lóminú. Àkọ́kọ́ ni igi. Igi àyìn, tí ikán kì í tètè rí mú, ni àwọn àgbà ń fi ṣe òpó. Òun àti igi ẹmí wà lára èyí tí wọ́n ń sun ní èédú báyìí, àpò rẹ̀ tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Èkejì ni ọwọ́. Ògiri amọ̀ ń fẹ́ àtúnrẹ́ lẹ́yìn òjò. Láyé àtijọ́, ọ̀wẹ̀ ló ń ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ìkórè. Lónìí àwọn ọ̀dọ́ wà lórí ọ̀kadà tàbí ní Èkó, àwọn ìyá àgbà ló kù nílé, a kò sì lè kọ́ ilé tí yóò di ẹrù lé wọn lórí. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé kí sìmẹ́ǹtì wà níbi tí omi ti ń kan ilé: ìpìlẹ̀ òkúta, ìdí ògiri, orí ògiri lábẹ́ òrùlé. Kí amọ̀ gba ìyókù.

Bí wọ́n bá ní kí n sọ bí kíláàsì kan ní Ìsẹ́yìn ṣe yẹ kó rí, màá ní kí ojú ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa bá ìhà tó kúrú nìkan. Màá ní kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú àti lẹ́yìn, kó fẹ̀ tó ibi tí òfì lè gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ojúde tó kọjú sí i tẹ́jú, kó gùn, láìsí fẹ́ǹsì láàárín. Nígbà ìsinmi, tí kò bá sí ọmọ ní kíláàsì, kí àwọn ahunṣọ àdúgbò gbé òfì wọn wá síbẹ̀, kí wọ́n ta òwú wọn gba pápá ilé-ìwé kọjá. Owó òpó àti páànù mélòó kan ni yóò fi kún iye tí ìjọba ń ná tẹ́lẹ̀.