Òṣùwọ̀n Tí A Fi Ń Wọn Ọmọdé

Nígbà tí ọdún ilé-ẹ̀kọ́ bá parí, tí èsì ìdánwò sì dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn òbí àti àwọn alàgbà ìjọ máa ń bi olùkọ́: "Mélòó ni ó yege?" Bí iye náà bá pọ̀, ìyìn di ti olùkọ́, bí ó bá kéré, a ó máa wò ó bí ẹni tí ó jí owó ọrẹ. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí a jùmọ̀ rò ó wò: kí ni ìdánwò ń wọ̀n? Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi èsì rẹ̀ nìkan dá ọmọ lẹ́jọ́, tàbí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ?

A kò wí pé ìdánwò kò dára. Ẹni tí ó ti ra èlùbọ́ rí ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tàbí ní ọjà Ògbómọ̀ṣọ́, mọ ìwúlò kóńgò. Níbi tí kò bá sí òṣùwọ̀n, ẹni tí ó lẹ́nu jù ni yóò gba púpọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilé-ẹ̀kọ́: bí kò bá sí ìdánwò, ọmọ olówó àti ọmọ ẹni tí ó mọ ọ̀gá ni a óò máa gbé gòkè, ọmọ tálákà tí ó ní òye yóò sì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ ohun tí ọlọ́jà aláìṣòótọ́ máa ń ṣe: a lu ìdí kóńgò wọnú, kí èlùbọ́ díẹ̀ lè kún un. Lójú, ó kún. Nígbà tí a bá dé ìdí ààrò, kò tó jẹ.

Èrè ni ó ń mú ènìyàn lu ìdí kóńgò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1862, nípa àbá Robert Lowe, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi bí àwọn ọmọ ti yege nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò pín owó ìrànwọ́ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1887 mú irú àṣà náà wọ Èkó. Àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ kò ní èrò ibi. Wọ́n fẹ́ kí owó ìlú má ṣòfò ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ olùkọ́ so mọ́ máàkì ọmọ, kìkì ohun tí aláyẹ̀wò yóò béèrè ni olùkọ́ ń kọ́ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, ọmọ mìíràn há ìwé kíkà rẹ̀ sórí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè "kà" á bí a tilẹ̀ dorí ìwé náà kodò. Nígbà tí ó di ọdún 1916, òfin ìrànwọ́ tuntun ní Nàìjíríà yí òṣùwọ̀n náà padà: nínú ọgọ́rùn-ún, 40 ni ti ìdánwò àti ìtẹ̀síwájú, 30 ni ti ìwà, ètò àti ẹ̀kọ́ ìwà rere, 20 ni ti àwọn olùkọ́, 10 sì ni ti ilé, ohun èlò àti ìmọ́tótó. Ìjọba pàápàá ti rí i pé máàkì nìkan kò tó.

Àwọn baba wa nínú iṣẹ́ Ọlọ́run ti mọ èyí. Ní ọdún 1896 ni a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Andérù Mímọ́ ní Ọ̀yọ́, ní ọdún 1898 ni àwọn Onítẹ̀bọmi sì bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí yóò di olùkọ́ a máa bá àwọn tí ń kọ́ ọ gbé, nítorí ìwà kò ṣeé wọ̀n ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá tí ń fín igbá ní Ọ̀yọ́: kì í dúró de ọjọ́ òmìnira kí ó tó wo ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ó ń wò ó, kí ó lè tọ́ ọ sọ́nà.

Òṣùwọ̀n a sì máa ṣini lọ́nà nígbà mìíràn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ lu ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ẹgbẹ́ wọn fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a dán gbogbo wọn wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ni ó ta yọ, títí kan ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ mélòó ni a ti pè ní olódo, nígbà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀kùn èdè ni a tì mọ́ ọn?

Ọ̀ràn tí ó le jù ni èyí. Olùkọ́ kan ń rìn láàárín àwọn ọmọ ní ọjọ́ ìdánwò. Ó rí ọmọ opó kan tí ó ti kọ ìdáhùn òdì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí. Àánú ha kọ́ ni? Àánú ni, ṣùgbọ́n láti inú àpò ẹlòmíràn ni ó ti yọ owó tí ó fi ṣàánú. Àyè ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò pọ̀. Bóyá ọmọ opó mìíràn, ní ìletò tí a kò mọ̀, ni ó pàdánù àyè náà. Ó tún kọ́ ọmọ náà pé agbára tirẹ̀ kò tó, ó sì di ẹrù èké lé orí olùkọ́ tí yóò gba ọmọ náà lọ́dún tí ń bọ̀.

Ẹnìkan lè dá wa lóhùn pé: "Bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù bá ń ṣe é, tí àwa kò ṣe é, àwọn ọmọ wa kọ́ ni yóò ha jìyà òótọ́ wa?" Ọ̀rọ̀ náà wúwo, a kò sì gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Òótọ́ a máa náni ní ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwa àgbà ni ó yẹ kí a san owó náà, kí a sì san án ṣáájú: nínú wákàtí tí a fi kún iṣẹ́ wa nítorí ọmọ tí kò yára, nínú ìwé tí ìjọ rà fún ọmọ tí kò ní, nínú sùúrù òbí tí kò na ọmọ nítorí máàkì. Ẹni tí kò san án láti oṣù kìn-ín-ní kò lè fi ọ̀rọ̀ àjísọ san án ní ọjọ́ ìdánwò.

Nítorí náà, ẹ̀yin alàgbà, nígbà tí ẹ bá ti béèrè iye tí ó yege, ẹ tún béèrè ohun tí a ó ṣe fún àwọn tí kò yege. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rètí nù. Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Àti àwa olùkọ́, bí kóńgò bá fi hàn pé kò tíì kún, ẹ jẹ́ kí a bu èlùbọ́ sí i. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a lu ìdí rẹ̀.