Omi Ọlọ́hun Ni: Ta Ni Yóò Tún Ẹ̀rọ Rẹ̀ Ṣe?



Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé wa mìíràn, omi gan-an ni ó ń dá ọ̀tá sílẹ̀. Ọlọ́rọ̀ kan á gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún ará abúlé, àwọn àáfà á ṣe àdúà sí i, tọmọdé tàgbà á yọ̀. Nígbà tó bá yá, rọ́bà inú ẹ̀rọ á jẹ, ẹ̀rọ á dákẹ́. Bí ẹnìkan bá ní kí ilé kọ̀ọ̀kan dá owó kí á fi tún un ṣe, ìjà dé nìyẹn. Àwọn kan á ní, "Ṣebí omi Ọlọ́hun ni? Ta ló tó tà á fún wa?" Àwọn mìíràn á ní, "Ẹni tí kò bá dá owó kò gbọdọ̀ pọn níbẹ̀." Kí wọ́n tó jà tán, àwọn obìnrin àti ọmọdé á ti gbé korobá, wọ́n á ti gba ọ̀nà odò lọ. Nínú igun méjèèjì, èwo ló jàre?

Igun kìn-ín-ní ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Nínú àdísì tí Abu Dawud gbà wá, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi yé wa pé àjọni ni omi, koríko àti iná. Al-Bukhari náà gbà á wá pé ẹni tí omi rẹ̀ ṣẹ́kù, tí ó fi du arìnrìn-àjò, wà lára àwọn tí Ọlọ́hun kò ní fi ojú àánú wò lọ́jọ́ ìdájọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ṣe àlàyé pé omi tí ènìyàn fi wàhálà rẹ̀ pọn sínú ìkòkò, ó lè tà á. Àlàyé yìí là wá lójú. Omi abẹ́ ilẹ̀ jẹ́ ti Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n irin, rọ́bà àti iṣẹ́ ọwọ́ atún-ẹ̀rọ-ṣe kì í rọ̀ bí òjò. Owó àtúnṣe kì í ṣe owó omi.

Ẹ jẹ́ kí á wo Sàhábà Uthman. Kànga Rumah wà ní Mẹ̀dínà, títà ni wọ́n ń ta omi rẹ̀. Uthman fi owó ara rẹ̀ rà á, ó sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo Mùsùlùmí. Korobá tirẹ̀ kò ju korobá ẹlòmíràn lọ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ́ kànga ní sàárà tí ẹ sì fi ògiri ilé yín yí i ká, ẹ ronú sí èyí.

Igun kejì ńkọ́, àwọn tó ní kí aláìlówó má pọn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí sòbìà. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in ní Nàìjíríà láàárín 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Inú omi àìmọ́ ni ènìyàn ti ń mu kòkòrò tíntìntín tó gbé e. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, aràn tó lè gùn tó mítà kan á máa yọ lẹ́sẹ̀. Àgbẹ̀ á dùbúlẹ̀ lákòókò iṣẹ́ oko, ọmọ á pa iléèwé jẹ. Bí ẹlẹ́sẹ̀ sòbìà bá wọ odò, ó ti kó o padà sínú omi gbogbo ìlú nìyẹn. Kò sí oògùn tó ń pa á. Sísẹ́ omi, omi kànga tó mọ́, àti àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ní abúlé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi lé e lọ. Ọdún 2008 ni wọ́n rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, àjọ WHO sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé ó ti tán. Nítorí náà, ẹni tí ó lé tálákà kúrò nídìí ẹ̀rọ, odò ni ó lé e lọ. Àrùn tó bá sì bá bọ̀ kì í mọ ilé ẹni tó sanwó.

Èrò tiwa ni pé kí ará abúlé jọ gbìmọ̀, Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, kí àwọn obìnrin wà níbẹ̀ nítorí àwọn ni wọ́n ń pọnmi. Kí wọ́n dá iye tí agbára ká. Kí wọ́n máa ka ìwé owó sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìlú, nítorí àmánà ni. Kí opó, aláìsàn àti àlejò máa pọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ọ̀dọ́ méjì kọ́ bí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kí ẹni tó gbẹ́ kànga ya nǹkan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀, bí àwọn aṣíwájú wa ti ń ṣe wákàfù. Èyí kò gba ẹrù lórí ìjọba o. Láti 2010 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti gbà pé ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni omi mímọ́.

Ẹnìkan lè ní, "Bí tálákà kò bá san, àwọn ẹlòmíràn á fi ara wọn ṣe tálákà." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó sàn kí òpùrọ́ kan mu omi ọ̀fẹ́ ju kí òǹgbẹ máa gbẹ aláìní kan nítòsí kànga wa. Ọlọ́hun ni yóò bi òpùrọ́. Àwa ni yóò bi nípa aláìní.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí sàárà wa dákẹ́ bí ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Àmín.